Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Nígbà tí mò ń wí yìí, ìyá mi ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ sì pé lẹ́nu, nítorí eyín ló fi ń já ọ̀gbọ̀ tá a fi ń ran okùn. Ọ̀gágun wà láyé. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju idà ọkọ rẹ̀ lọ, ṣì wà. Dáwódù, àkọ́bí wọn, wà, ó ń gun ẹṣin kiri ẹ̀bá odi bí ẹni pé òun ló mọ ọ́n. Adúmáadán wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà. Baba mi nìkan ni kò sí mọ́. Ọfà ti bá a lọ́rùn lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá kọ́kọ́ yí ìlú wa ká, níbi tó ti ń bá wọn di òkúta mọ́ ẹnu ibodè. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, èmi nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó pa èmi náà mọ́.

Iṣẹ́ okùn ni iṣẹ́ ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé okùn kàn ń hù lọ́jà ni. Àgbàlá okùn máa ń gùn, á rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan. Ẹnì kan á dúró lókè àgbàlá, á di orí okùn mú, á máa lọ́ ọ. Ẹni tó ń ran okùn á wé ọ̀gbọ̀ mọ́ ìbàdí, á kọjú sí ẹni tó di orí okùn mú, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀, á máa tú ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ láti ìbàdí rẹ̀ bí aláǹtakùn. Kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Tó bá wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, okùn á dẹ̀, ibi tó dẹ̀ yẹn ló sì máa já lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀mí èèyàn lé e.

Ìdí nìyẹn tí ẹnì kẹta fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àgbàlá, lẹ́yìn ẹni tó ń rìn. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Èmi ni mo ń gbá ọ̀nà náà láràárọ̀ kí òkúta má bàa kọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀. Bó bá ti rìn dé ọ̀dọ̀ mi, màá pè é pé, "Ó tó!" Á dúró. Òun náà á wá pe ẹni tó wà lókè pé, "Ó tó!" Kíá lẹni náà máa jọ̀wọ́ orí okùn sílẹ̀, nítorí bó bá fi falẹ̀, okùn á lọ́ kọjá bó ṣe yẹ, á sì di kókó. Ó máa ń mọ́ni lára débi pé kí orí tó gbọ́ ìpè náà, ọwọ́ á ti là.

Ìlú ò fẹ́ràn wa. Okùn wa ni wọ́n fi ń di ẹrù ogun, okùn wa ni wọ́n fi ń gun odi, ṣùgbọ́n okùn wa náà ni wọ́n fi ń de ẹrú. Ẹni tó de ẹrú ò lẹ́bi o. Ẹni tó ran okùn ni wọ́n ń tutọ́ sí lára. Wọn ò jẹ́ fọmọ fún wa, wọn ò sì jẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Arìnsẹ́yìn ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tínú bá ń bí i.

Lẹ́yìn ikú baba mi, ìyá mi ló ń di orí okùn mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Ogun ò bìkítà fún ìyẹn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè okùn. Ọ̀gágun wá rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí wa pé kó máa ṣọ́ wa, ká má bàa fi ọ̀gbọ̀ jíjẹrà ran okùn ogun. Adúmáadán la ń pè é. Ara rẹ̀ ń dán bí kóró iṣin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gba orí okùn lọ́wọ́ ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má fi ṣeré o. Á bó ọwọ́ yín."

"Ṣé ọwọ́ ẹ ni?"

"Ọwọ́ ọmọ Ọ̀gágun ni. Bí ìyẹn bá bó, orí tèmi ni wọ́n máa bó tẹ̀ lé e."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ogun ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín nínú àgbàlá yẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan á dúró, ọ̀kan á máa jìnnà sí i, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú. Lọ́jọ́ kan Adúmáadán ní, "Gbogbo ọkùnrin tó ti wá fẹ́ mi nílé baba mi, jagunjagun ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń lọ, ìpàkọ́ wọn ni mò ń rí. Ìwọ nìkan lò ń lọ tó o ṣì ń wò mí."

"Iṣẹ́ ni."

"Irọ́ ni. Okùn lò ń wò tẹ́lẹ̀. Àbúrò ẹ̀, ṣé mo purọ́?"

Mo ní, "Ẹ má fi tèmi sí i o. Ìpàkọ́ ẹ̀ nìkan lèmi ń rí látibí."

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ" dípò "ẹ̀yin", ìyá mi yọ ọ̀gbọ̀ lẹ́nu, ó wò mí, mo wò ó. A mọ̀ pé ọ̀ràn ti wọlé. Nígbà tí ọmọ Ọ̀gágun lọ sílé tán, ìyá mi ní, "Arìnsẹ́yìn, wá níbí. Adìẹ tó ń bá àṣá ṣọ̀rẹ́, ṣé ó fẹ́ kọ́ fífò ni?"

"Màmá, ó fẹ́ràn mi."

"Ta ló ní kò fẹ́ràn ẹ? Ẹkùn náà fẹ́ràn ewúrẹ́."

"Màmá."

"Àwọn tí wọ́n bí i ni mò ń sọ, kì í ṣe òun. Òun, ọmọ dáadáa ni. Ọwọ́ rẹ̀ le lórí okùn ju tèmi lọ." Ó wá fi etí aṣọ nu ojú. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Àwọn tí wọ́n bí i ò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìyàwó Ọ̀gágun ló ṣáájú, ó fi aṣọ bo imú nítorí òórùn ọ̀gbọ̀ rírẹ. Dáwódù tẹ̀ lé e pẹ̀lú idà. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, okùn sì nà láti òkè àgbàlá dé ìdajì rẹ̀.

"Èwo ni Arìnsẹ́yìn nínú yín?"

"Èmi nìyí, ìyá."

"Má pè mí níyàá. Mi ò bí afokùn-dẹrú." Ó wo àgbàlá náà lókè nílẹ̀. "Àwọn ọkùnrin ń tẹ̀ síwájú lójú ogun, wọ́n ń kú. Ìwọ, ẹ̀yìn lò ń rìn. Ibo lo fẹ́ mú ọmọ mi lọ?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Dáwódù yọ idà, ó gé okùn náà láàárín méjì.

"Bí mo bá tún gbọ́ pé àbúrò mi dé àgbàlá yìí, ohun tí mo máa gé ò ní jẹ́ okùn."

Adúmáadán ṣì di orí okùn mú lókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, okùn ogun lẹ gé yẹn. Ká ní ẹlòmíì ló gé e ni, ẹ̀yin lẹ̀ bá máa pariwo pé kí wọ́n bẹ́ ẹ."

Wọ́n wọ́ ọ lọ sílé. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ìyá rẹ̀. Èmi àti ìyá mi so okùn náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tú u, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní okùn tí wọ́n so kì í ṣe okùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ebi dé gan-an. Ọkà tán nínú àká. A jẹ ẹṣin tán, a bọ́ sórí awọ gàárì. Ọmọdé ò sunkún mọ́ nínú ìlú. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ọmọdé ò sunkún, ẹ bẹ̀rù. Ọ̀gágun pe ìpàdé ogun sínú yàrá ẹ̀ṣọ́ lẹ́bàá ibodè, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó kó okùn tó gùn jù wá. Mo bá a ru ú. A dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Olórí àwọn tafàtafà, baba arúgbó olójú kan, ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ ní ká ṣí ibodè ká já sí wọn láàárín. Ta ló máa já? Ọmọkùnrin tí kò lè fa ọrun? Ọ̀rẹ́ wa wà lódìkejì odò, ọkà kún ilé wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ bóyá a ṣì wà láàyè. Ẹni tó máa sọ fún wọn ló kù. Kò sì sí ọ̀nà, àfi ẹ̀yìn àpáta."

Àpáta ni ìlú wa fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn àpáta náà sì rí bí ògiri. Ewúrẹ́ kì í gbà á.

Ọ̀gágun dìde. Ó gbé idà rẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tó bá mú ọ̀rẹ́ wa wá pẹ̀lú ọkà, ohun tó bá tọrọ lọ́wọ́ mi, mi ò ní fi dù ú. Bí mo bá yẹ̀, kí idà yìí kọ̀ mí lójú ogun."

Wọ́n kí i. "Asọ̀rọ̀-má-yẹ̀! Òkè tí ìjì ò lè ṣí nídìí! Ó wí i, ó dúró tì í!" Lẹ́yìn tí wọ́n kí i tán, kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo àwọn ọmọ ogun ń wo Dáwódù. Dáwódù ń wo bàtà rẹ̀.

Baba olójú kan ní, "Hẹn-ẹn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn kìnnìún mi, ṣé ojúgun ń dùn yín ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gágun, èmi ni mo ran okùn náà. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Màá lọ."

"Kí lo máa tọrọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n dé ná."

"Sọ ọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo búra lé."

"Adúmáadán ni."

Idà Dáwódù ti jáde kí ọ̀rọ̀ náà tó délẹ̀. Ọ̀gágun ò tilẹ̀ wo ibi tó wà. "Ti idà ẹ bọ àkọ̀. Nígbà tí mò ń búra, ìwọ náà wà níbí. Ẹsẹ̀ ẹ ò gbé ẹ." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bó o bá kú, ọ̀rọ̀ parí. Bó o bá dé, mi ò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n má retí pé kí n rẹ́rìn-ín."

A sọ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ kan tí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó kọjú sí wa, ó fi ẹ̀yìn wọnú kùrukùru lọ. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti gbálẹ̀?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lọ́nà, àwọn ọ̀tá ta ọfà oníná wọ ìlú, àgbàlá wa jóná ráúráú, látòkè délẹ̀. Ọ̀gbọ̀ tí ìyá mi kó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn nìkan ló kù. Ọmọ Ọ̀gágun sì wà nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ìránṣẹ́bìnrin kan sọ fún mi pé ó máa ń bèèrè láràárọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí àpáta.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Àárọ̀ kùtù ni. A gbọ́ ariwo nísàlẹ̀, irin ń dún, ẹṣin ń ké. Àwọn ọ̀tá díẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn àpáta ni àwọn ọ̀rẹ́ wa bá jà. Kò pẹ́ tó àsìkò tí omi fi ń hó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, okùn tó ṣì sorọ̀ síbẹ̀ mì tìtì, a sì fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló gòkè, ọfà ti ha á lápá, ó rù, àmọ́ ojú rẹ̀ ń tàn. Nísàlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa dúró ti àpò ọkà, àpò ń lọ súà.

Ṣùgbọ́n ẹnu àpáta ti jẹ okùn náà. Ó ti rí jákujàku níbi tí òkúta ti ń gé e. Ó gbé èèyàn kan. Kò lè gbé ọkà ìlú kan. Àwọn ọ̀tá tó wà níwájú ibodè sì ti gbọ́ ìró ìjà náà, wọ́n máa yí wá sẹ́yìn. Okùn tuntun gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó dé, àgbàlá wa sì ti di eérú. Orí àpáta nìkan ló tẹ́jú. Kò gùn, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ìhà ẹnu rẹ̀, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní a ó ran án ní ìpín ìpín. Èyí tá a bá ti parí, a ó máa ká a sẹ́yìn ẹni tó di orí okùn mú.

Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbẹ̀. Ọmọ náà ti rù bíi tiwa. Ọ̀gágun ní, "Arìnsẹ́yìn. Mi ò yẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Adúmáadán lọ tààrà síbi orí okùn, ó dì í mú, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá rẹ̀ ò wá. Wọ́n ní ó tilẹ̀kùn mọ́rí.

A bẹ̀rẹ̀. Mo gbá orí àpáta náà. Mo dúró síbi tó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn bọ̀, mo pè é, ó dúró, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn jọ̀wọ́ okùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é títí ó fi ku ìpín ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi so ìdí okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ kó lè fi gbogbo ara nà án. Dáwódù dé nígbà náà. Kò mú idà dání.

Ó ní, "Àbúrò, lọ bá ìyá ẹ já ọ̀gbọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ò ká a. Èmi á dúró fún un."

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ará ilé yẹn tó pè mí ní àbúrò. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín látòkè. "Ẹ̀gbọ́n àna, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa wí?"

"Ó tó."

"Ẹ pariwo ẹ̀ dáadáa o. Ọmọ yẹn ti fi igbe di mí létí."

"Máa rìn bọ̀. Ṣé àna mi kọ́ ni ọ́?"

Mo lọ bá ìyá mi. Mo tẹrí ba sórí ọ̀gbọ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn, kí ni mo fẹ́ wò? Iṣẹ́ tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe ni. Etí mi mọ ìgbà tí ìpè yẹn máa ń dún bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mọ ìgbà ọmú. Etí mi ń retí ẹ̀. Ìgbà tó yẹ kó dún kọjá. Mo gbórí sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá Dáwódù. Dáwódù dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú Adúmáadán, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Igbe mi àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ jáde ni.

Okùn náà ò já. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi so rọ̀ lẹ́nu àpáta, okùn náà gbé e, Adúmáadán sì dì í mú. Ó ṣubú, ó fi àyà wọ́lẹ̀, òkúta ń bó o, kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ. Ọ̀gágun ń sáré bọ̀ láti ibi tó ti ń ṣọ́ eruku àwọn ọ̀tá, ó ń kígbe, "Dáwódù, mú okùn! Mú okùn!" Okùn náà ń kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ Dáwódù. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mò ń sáré, ọwọ́ mi ò tíì tó aṣọ Adúmáadán, orí rẹ̀ sì ti kan ẹnu àpáta. Ó rí ẹ̀gbọ́n mi nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde kedere, bí ìgbà tá a wà nínú àgbàlá.

"Ó tó!"

Ọwọ́ Adúmáadán là. Ọwọ́ ló gbọ́ ọ, kì í ṣe orí. Títí tó fi kú ló ń wo ọwọ́ náà.

Ọ̀gágun di Dáwódù lọ́rùn aṣọ. "Kí ló dé tó ò pè é?"

"Oòrùn ló pa mí lójú."

"Ẹnu ẹ ni mo bi ọ́. Mi ò bi ọ́ ní ojú." Ó jọ̀wọ́ ẹ̀. Eruku àwọn ọ̀tá ti ń gòkè níhà odi. "Ogun ló dá ọ sí. Lọ mú idà ẹ."

Gbogbo okùn tuntun náà ti bá ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n sọ okùn àtijọ́ tó ti fẹ́ já yẹn sísàlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa so orí tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì fi í fà á sókè. Àwọn èèyàn ìlú ti ń sáré dé, ebi ti sọ ojú wọn di kòtò, wọ́n ń ké pé ọkà ni kí wọ́n fà, ọkà ni. Ọ̀gágun ní, "Àna mi ló máa kọ́kọ́ gòkè." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Wọ́n di okùn náà mú, àwọn jagunjagun, àwọn tafàtafà, àwọn ìyàwó ilé ńlá tí wọ́n ń bo imú tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Adúmáadán wà níwájú wọn, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ẹnu àpáta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn. Gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Orí ẹ̀gbọ́n mi yọ, èjìká rẹ̀ yọ, gbogbo ara rẹ̀ dé orí òkúta. Wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró, wọ́n sì ń fà á bọ̀ lórí òkúta gbígbóná yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pè nínú gbogbo wọn. Mo bọ́ sẹ́yìn wọn, síbi tó jẹ́ ibi mi, mo gbóhùn sókè.

Mo ní, "Ó tó."